Omi Tó Mọ́, Omi Tó Pé: Ìtọ́jú Adágún Ìwẹ̀

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí omi adágún ìwẹ̀ ṣe lè máa mọ́ kedere, kí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni n ó gbà wọlé.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ní ìlú Fall River ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan lọ lúwẹ̀ẹ́ ní adágún ìjọba lọ́jọ́ Àìkú. Ó rì, kò sì sẹ́ni tó rí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí adágún náà, àwọn èèyàn wọ̀ ọ́, wọ́n ṣeré nínú rẹ̀ títí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bẹ irú ibẹ̀ wò pàápàá dé, wọ́n sì lọ. Ó di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni òkú èèyàn fi wà nínú omi tí àwọn èèyàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, nítorí pé omi náà rú débi pé ojú kò lè dé ìsàlẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ onílé ìtura bá ní kí omi àwọn mọ́, àlejò tí yóò ya fọ́tò lẹ́bàá rẹ̀ ni wọ́n ń rò. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ohun tí omi mímọ́ wà fún ni pé kí ẹni tó dúró lókè lè rí ẹni tó ń rì nísàlẹ̀. Ọmọdé tó ń rì kì í sábà pariwo. Omi ti dí i lẹ́nu. Nítorí náà, kí a tó ṣí adágún láràárọ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ dúró létí ibi tó jìn jù, kó wo ìdérí ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀. Bí kò bá rí àwọn ojú ihò ara rẹ̀ dáadáa, kó ti adágún pa. Kó tì í pa bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọdún, bí àwọn tó wá ṣe ìgbéyàwó tilẹ̀ kún gbàgede. Kí onílé ìtura má sì bá a wí.

Ọ̀rọ̀ ojú nìyẹn. Ojú kò tó, ẹ jọ̀wọ́. Omi lè mọ́ gaara kó má sí kílórínì kankan nínú rẹ̀, kí kòkòrò àrùn tí ọmọ kan gbé wọ inú rẹ̀ láàárọ̀ sì ti dé ẹnu ọmọ mìíràn lọ́sàn-án. Nínú omi tí kílórínì àti pH rẹ̀ pé, ọ̀pọ̀ irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kì í lò tó ìṣẹ́jú kan kó tó kú. Nínú omi tí kò pé, ó ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú wa ni. Ohun tí mo wá sọ lónìí ò pọ̀ ju èyí lọ: kí ojú máa wò, kí ọwọ́ máa wọ̀n, kí ẹnì kankan má ṣe fi ọ̀kan dípò èkejì.

Láti ọdún 1910, nígbà tí wọ́n da kílórínì sínú adágún ìwẹ̀ Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà adágún. Ọ̀pọ̀ yín ń lo èyí tó jẹ́ hóró funfun, tí ẹ ń pè ní HTH. Ìwọ̀n tí a ń wá ni mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kílórínì tí kò tíì so mọ́ nǹkan kan. Ó kéré púpọ̀, àbí? Síbẹ̀ ó tó, bí pH bá jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Onímọ̀ ará Denmark kan, Søren Sørensen, ló gbé ìwọ̀n pH kalẹ̀ lọ́dún 1909. 7 ni àárín rẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ 7, omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú wà lókè 7. Ìgbésẹ̀ kan lórí rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé 8 kò fi nǹkan kan ju 7 lọ. Láàárín 7.2 sí 7.8 ni omi adágún gbọ́dọ̀ wà. Bó bá dín púpọ̀, ó ń ta ojú, ó sì ń jẹ irin àti símẹ́ǹtì. Ibi tó bá ga lọ ni wàhálà tiwa sábà máa ń wà.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí kílórínì bá wọ omi, ọ̀nà méjì ló ń pín sí: apá kan ń pa kòkòrò kíákíá, apá kejì lọ́ra gan-an. pH ló ń pín in. Ní 7.2, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni yóò jẹ́ èyí tó yára. Ní 7.5, ìdajì. Ní 8, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. HTH fúnra rẹ̀ sì ń gbé pH ga. Ẹni tó ń da HTH lójoojúmọ́ tí kì í wọn pH, ńṣe ló ń sọ kílórínì tó fowó rà di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Á ní kílórínì ò tó, á tún bu HTH sí i. HTH ní kálísíọ́ọ̀mù nínú. Bí pH ti ga, kálísíọ́ọ̀mù yìí á já jáde nínú omi bí ìyẹ̀fun funfun tó kéré jọjọ, omi á tún rú sí i. Mo ti rí ilé ìtura kan tó lo ike HTH tó ga dé orúnkún láàárín ọ̀sẹ̀ kan báyìí, tí omi rẹ̀ kò sì mọ́. Ásíìdì díẹ̀ ni omi náà ń fẹ́, tí a dà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, tí a sì tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, nítorí ìgò àti gàrawa kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ká ní adágún yín gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 6, tí jíjìn rẹ̀ bá sì ń já sí mítà 1.5 lápapọ̀. 12 lọ́nà 6 lọ́nà 1.5 jẹ́ 108, ìyẹn lítà 108,000. Kí kílórínì lè fi mílígíráàmù kan ga, gíráàmù 108 ni ẹ nílò. HTH tí wọ́n kọ 65% sí lára kì í ṣe kílórínì pátá. Ẹ fi 0.65 pín 108, ẹ ó rí nǹkan bí gíráàmù 166. Ẹ lọ ra ìwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Kò wọ́n rárá, láàárín oṣù díẹ̀ á ti san owó ara rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ òórùn ńkọ́? Bí àlejò bá wọlé tó ní "kílórínì ibí yìí le o," ohun tó ń gbóòórùn rẹ̀ ni kílórínì tó ti so mọ́ ìtọ̀ àti òógùn. Òun náà ló ń mú ojú ọmọ pọ́n, tó ń mú èèyàn wúkọ́. Adágún tó ń rùn báyìí kò ní kílórínì tó pọ̀ jù. Kílórínì rẹ̀ kò tó. Bí èyí tó ti so mọ́ ìdọ̀tí bá jẹ́ mílígíráàmù 0.6, a ó gbé kílórínì ga ní ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀, ìyẹn 6, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lálẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti jáde. Fún adágún tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan yẹn, HTH kílò kan ló máa gbà. Bí ẹ bá bu ìdajì rẹ̀ nítorí pé ẹ ń ṣọ́ owó ná, òórùn náà kò ní lọ. Èyí tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ ni pé kí ẹ ní kí olúkúlùkù fi omi ṣan ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kó tó wọlé, kí ẹ sì máa mú àwọn ọmọdé jáde lọ tọ̀ látìgbàdégbà. Ẹ̀yin òbí, tiyín nìyẹn.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa ni bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ohun èlò ìdánwò tó pọ̀ jù lọ́jà ni èyí tí wọ́n ń kán omi òògùn sí tí omi á pọ́n bí ìyeyè. Ìyẹn kò lè sọ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ti so mọ́ ìtọ̀. Àpapọ̀ ló ń sọ. Ẹ lè rí 3, kó jẹ́ pé ìtọ̀ ló gba 2 nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ ó rà ni DPD, tó ń mú omi ní àwọ̀ osùn rẹ́súrẹ́sú. Ẹ ti ìgò náà bọ omi títí dé ìgúnpá, níbi tó jìnnà sí ojú ihò tí omi ń gbà wọlé, kí ẹ tó ṣí ẹnu rẹ̀. Omi òkèèkè ti rí oòrùn jù, kì í sọ òtítọ́. Ẹ kún un dé ojú ilà, ẹ ju DPD náà sí i, ẹ mì ín, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, kì í ṣe sábẹ́ iná. Ohun kan tó ti kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà rèé: bí kílórínì bá pọ̀ ju nǹkan bí 10 lọ, ó lè pa àwọ̀ náà rẹ́, omi inú ìgò á dúró funfun. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kò sí kílórínì rárá, á sì tún da òmíràn lé e. Bí àwọ̀ bá hàn fẹ́ẹ́ tó sì pòórá lójú ẹsẹ̀, ẹ fi omi mímu tí kò ní kílórínì lú omi náà kí ẹ tó tún un wọ̀n.

Álíkálínítì ni mo fẹ́ mẹ́nu bà báyìí, nítorí àwọn tó ń tọ́jú adágún kì í kà á sí. Ó dà bí òbí tó di ọmọ lọ́wọ́ mú láàárín ọjà: pH lè fà sọ́tùn-ún díẹ̀, kó fà sósì díẹ̀, kò ní sá lọ. Mílígíráàmù 80 sí 120 nínú lítà kan ló dára. Bó bá kéré, ẹ ó rí i pé pH ń fò sókè sódò láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì ni oògùn rẹ̀. Líle omi pẹ̀lú wà níbẹ̀, ìyẹn omi tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Adágún fẹ́ kí omi le díẹ̀, láàárín 200 sí 400, nítorí omi tó rọ̀ jù á wá kálísíọ́ọ̀mù tirẹ̀ lára símẹ́ǹtì tó wà láàárín táìlì. Bí ẹ bá rí i tí símẹ́ǹtì àárín táìlì ń jẹ lọ, ẹ má tètè bá bíríkìlà jà. Lọ́dún 1936, Wilfred Langelier ti Yunifásítì California ṣe ìṣírò tó so pH, álíkálínítì, kálísíọ́ọ̀mù àti gbígbóná omi pọ̀, tó ń sọ bóyá omi yóò jẹ nǹkan tàbí yóò da ẹ̀fun sílẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ń lò ó.

Ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ yìí ló ń fi omi bohóòlù kún adágún. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó, omi bẹ́ẹ̀ máa ń kan díẹ̀, irin sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ó mọ́ gaara bó ṣe ń tú jáde. Bí kílórínì bá ti kàn án, irin náà á yọ síta, gbogbo adágún á di àwọ̀ ìpẹtà tàbí àwọ̀ ewé. Onílé á ní olùtọ́jú ti ba omi òun jẹ́, ẹ̀bi tí kò jẹ̀bi rẹ̀. Kí ẹ tó tú omi tuntun sínú adágún, ẹ pọn ín sínú ike funfun kan, ẹ fi HTH tó dúró lórí èékánná sí i, ẹ bò ó, ẹ padà wò ó lọ́jọ́ kejì. Bó bá ti pọ́n, irin wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi náà kọ́kọ́ gba inú asẹ́ irin kọjá. Álọ́ọ̀mù tí a mọ̀ látilé lè kó ìdọ̀tí jọ sí ìsàlẹ̀ lóòótọ́, mo sì fara mọ́ ọn fún omi tó rú gan-an, ṣùgbọ́n ó ń já pH àti álíkálínítì wálẹ̀. Ẹni tó bá lò ó láìwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ ti dá wàhálà mìíràn sílẹ̀.

Oòrùn wa kì í ṣeré. Kílórínì tí kò ní ààbò, oòrùn lè gba ìdajì rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ìdí nìyí tí a fi máa ń da kílórínì lálẹ́. Sàyáníúríìkì ásíìdì ni wọ́n fi ń dáàbò bò ó, 30 sí 50 sì tó. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì kílórínì tí wọ́n ń sọ sínú omi ti ní in nínú: bí wọ́n bá fi kílórínì 10 sílẹ̀, wọ́n á fi 6 tirẹ̀ kún un. Oòrùn kì í pa á, asẹ́ kì í mú un. Á máa pọ̀ sí i lóṣooṣù títí kílórínì á fi lọ́ra débi pé kò lè ṣiṣẹ́. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kí ẹ da apá kan omi náà nù, kí ẹ fi tuntun rọ́pò. Lásìkò òjò sì rèé, àgbàrá kò ní òun ò ní í wọ adágún, onílé ni kò ní í gbà fún un: ẹ gbé etí adágún ga, kí erùpẹ̀ àti ajílẹ̀ orí koríko má ṣàn wọ inú rẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku ni, ẹ máa fọ asẹ́ lemọ́lemọ́.

Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ni ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ gbọ́, nítorí epo. Bí pọ́ǹpù yín bá ń fa lítà 18,000 ní wákàtí kan, yóò fa lítà 108,000 tán ní wákàtí mẹ́fà. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo omi ti gba inú asẹ́ kọjá. Omi tó ti mọ́ ń padà wá dà pọ̀ mọ́ èyí tí kò tíì mọ́, pọ́ǹpù á sì tún máa fa èyí tó ti fà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyípo kan, nǹkan bí 63% ló ti kọjá. Lẹ́yìn méjì, 86%. Lẹ́yìn mẹ́rin ló tó dé 98%. Ẹ wá rò ó bó bá jẹ́ wákàtí méjì péré ni ẹ fi ń tan jẹnẹrétọ̀ sí i. Bí iná bá lọ tí ẹ sì lè fún gbogbo yàrá àlejò ní ẹ̀rọ amúlétutù, pọ́ǹpù adágún kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Bí kò bá sí agbára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí èèyàn má wọ omi náà.

Àwọn tó lówó tó sì lẹ́rọ náà lè ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Rio de Janeiro, omi tí àwọn tó ń bẹ́ sódò ń lò ní ibùdó ìwẹ̀ Maria Lenk di àwọ̀ ewé láàárín ọjọ́ kan, lójú gbogbo ayé. Adágún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìgbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ 5 oṣù náà ni agbaṣẹ́ṣe kan ti da 80 lítà háídírójìn pẹ́rọ́síìdì sínú omi. Ohun ìfọ̀dọ̀tí ni, a mọ̀ ọ́n nílé ìwòsàn. Kílórínì náà ohun ìfọ̀dọ̀tí ni. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n ń pa ara wọn ni, ewéko omi tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ á sì ráyè gbilẹ̀. Nítorí pé àwọn obìnrin tó ń jó nínú omi gbọ́dọ̀ máa rí ara wọn nísàlẹ̀, wọ́n ní láti fa omi adágún kejì dànù lóru, kí wọ́n tú omi tó lé ní mílíọ̀nù 3.7 lítà sínú rẹ̀ láti adágún ìgbaradì. Mo ń sọ èyí fún àwọn tó ń ra ohun tuntun tí wọ́n bá ní ó ń fọ omi, tí wọ́n ń dà á sí i láìbéèrè ohun tó ti wà nínú omi náà tẹ́lẹ̀.

Èyí tó burú ju omi aláwọ̀ ewé lọ wà nínú yàrá tí ẹ ń kó òògùn sí. HTH àti tábúlẹ́ẹ̀tì ni àwọn tó ń tà á ń pè ní kílórínì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé nínú gàrawa tó lọ́rinrin, wọ́n lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàù. Ìfọ̀nkò kan náà kò gbọ́dọ̀ bọ inú méjèèjì. HTH àti ásíìdì kò gbọ́dọ̀ wà ní yàrá kan náà. Gáàsì tó ń jáde bí wọ́n bá kan ara wọn ni gáàsì tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres ní Belgium ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Òògùn ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi lé òògùn. Ibọ̀wọ́, awòjú, kí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn yín.

Ó ku ohun kan tí ẹnu kì í fẹ́ sọ. Bí ọmọ bá yàgbẹ́ sínú omi, gbogbo èèyàn á jáde. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ tó dì, ẹ kó o, ẹ má ṣe fi asẹ́ fà á. Ẹ mú kílórínì dé 2, kí pH má ju 7.5 lọ, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 25. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru, ó yàtọ̀ pátápátá. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Cryptosporidium tó lè wà láàyè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú omi tí kílórínì rẹ̀ pé. Kílórínì 20 fún wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 45 ló ń pa á, bí kò bá sí ásíìdì tó ń dáàbò bo kílórínì níbẹ̀. Adágún ti pa fún ọjọ́ náà nìyẹn.

Ẹ̀yin onílé, ẹ fún ẹni tó ń tọ́jú adágún ní ìwé kan àti bírò. Kó kọ kílórínì àti pH kó tó ṣílẹ̀kùn, kó tún kọ wọ́n lọ́sàn-án nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹ máa ka ìwé náà. Ẹ má fi iṣẹ́ yìí ṣe àfikún fún ẹni tó ń gé koríko, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ bí iṣẹ́ ẹni tí ẹ̀mí ọmọ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rí i pé àwọn kan nínú yín gbé omi wá nínú ìgò láti adágún tiyín. Ẹ gbé e wá sórí tábìlì yìí. Kílórínì inú rẹ̀ yóò ti dín kù lójú ọ̀nà, nítorí náà a ò ní wọ̀n ọ́n. Álíkálínítì àti líle omi la ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ni ìgò mú un dání fúnra rẹ̀.